Ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré tí ò rìn mọ́ lẹ́yìn tó ti pẹ́ nínú páálí, ẹ bá wa dá sí i o

AráCroydon
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kó àwọn rélùwéè kékeré mi wálẹ̀ láti òkè àjà lópin ọ̀sẹ̀, àtìgbà tá a ti kó wá sílé yìí ni wọ́n ti wà nínú páálí, ọmọ mi ló ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ rí i kó máa lọ. OO ni wọ́n ń pe ìwọ̀n wọn, ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan jẹ́ dúdú elééfín tó ń wọ́ ọkọ̀ èédú lẹ́yìn, inú ọkọ̀ èédú yẹn gan-an ni mọ́tò ẹ̀ wà, ìkejì jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan. Dáadáa ni wọ́n ń rìn kí n tó dì wọ́n pamọ́. Ní báyìí tí mo bá ta iná sí i, elééfín ò mira rárá, iná orí kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó ń gbé iná sójú irin, ń tàn o, àmọ́ òfo. Dísẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀ ń kùn hùn-ùn, ó ń gbóná, kò lọ síwájú kò lọ sẹ́yìn. Ṣé mọ́tò ti jó ni àbí kí ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i.

BàbáRélùwéè
Ẹ kúulé o. Kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ pa iná dísẹ́ẹ̀lì yẹn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń kùn, tó ń gbóná, tí ò yí, iná ń dé mọ́tò ẹ̀, nǹkan ló dì í mú, tẹ́ ẹ bá wá ń ta iná sí i pé bóyá á jàjà gbéra, mọ́tò tí ò tíì jó ẹ máa jó o ni. Lọ́pọ̀ ìgbà gíríìsì ló ń fà á. Gíríìsì tí wọ́n fi sí jíà láti ilé iṣẹ́, tó bá ti pẹ́ tí ò yí, epo inú ẹ̀ á gbẹ lọ, ìyókù á wá gan bí ọ̀rá ẹran inú fíríìjì, jíà á lẹ̀ mọ́ jíà, mọ́tò tó kéré báyẹn ò sì lágbára àtijá a.

Ti elééfín yẹn yàtọ̀ pátápátá. Èyí tí ò mira, tí ò kùn, tí ò gbóná, iná ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni. Nǹkan méjì yìí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: yálà iná ò dé mọ́tò, tàbí iná dé mọ́tò ò lè yí. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan síkírù kankan, torí mo ti rí àwọn tó tú ẹ́ńjìnnì tó dáa palẹ̀ porogodo nígbà tó jẹ́ pé ojú irin ló dọ̀tí.

Àyẹ̀wò ẹ̀ ò le. Ẹ wá bátìrì fóltì 9, onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ tó máa ń pariwo tí èéfín bá wà nínú ilé, ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀, ẹ dojú ẹ́ńjìnnì dé sórí ẹ̀, ẹ gbé wáyà kan lé wíìlì apá ọ̀tún, ẹ gbé ìkejì lé ti òsì. Tó bá yí, ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkankan, ojú irin tàbí kọ̀ntírólà ni kẹ́ ẹ lọ bá jà. Tí ò bá yí, ẹ ṣí ìbòrí ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé wáyà méjèèjì sí ibi tí wáyà ti wọ mọ́tò gan-an. Tó bá yí níbẹ̀, àárín wíìlì sí mọ́tò ni wàhálà wà. Tí ò bá yí níbẹ̀ náà, a tó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́tò. Àmọ́ ti elééfín tiyín yìí ní ẹ̀tàn kan nínú o, àwọn tí mọ́tò wọn wà nínú ọkọ̀ èédú, iná apá kan máa ń gba wíìlì ẹ́ńjìnnì wọlé, iná apá kejì á gba wíìlì ọkọ̀ èédú. Tẹ́ ẹ bá gbé wáyà méjèèjì lé iwájú nìkan, kò ní yí láéláé. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ sì wà lójú ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Leeds
Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ti orí ojú irin bẹ̀rẹ̀ jàre, ìyẹn ò la síkírù lọ rárá. Ẹ fi ìka nu orí rélì kẹ́ ẹ wo ìka yín. Tó bá dúdú, kò tíì sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tú, ẹ nu ún ná. Aṣọ funfun tí irun ẹ̀ ò ń já ni mo fi ń nu tèmi, mo máa ń fi IPA tutù ú díẹ̀, ọtí tí wọ́n fi ń nu inú kọ̀ǹpútà yẹn, èyí tí wọ́n kọ 99% sí lára, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti bu omi là. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe é nítòsí iná, ẹ sì má jẹ́ kó kan ara ẹ́ńjìnnì torí ó lè bó ọ̀dà àti nọ́ńbà ara ẹ̀. Sandípépà ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́ rárá. Ojú ibi tó bá ha yẹn ni ìdọ̀tí tuntun á máa sá wọ̀.

Tó bá jẹ́ ojú irin àtijọ́ ni, ẹ mú òòfà kan lára fíríìjì kẹ́ ẹ gbé e kan rélì. Tó bá gbá a mú, irin gidi ni, irin sì ń dípata, òkè àjà tó ń lọ́rinrin á ti bá a ṣe é. Tí òòfà ò bá gbá a, nickel silver ni, ìyẹn kì í dípata bíi tirin, dúdú lásán ló ń dú, nínu á sì tó o. Ní tèmi o, ojú irin tó bá ti dípata wọnú, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ ra èyí táwọn èèyàn ti lò, kò wọ́n, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa bá ìpata jà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹ wo wíìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wíìlì tó mọ́ ń dán yíká ni, èyí tó dọ̀tí máa ń ní ìlà dúdú níbi tó ti ń tẹ rélì. Ẹ fi kọ́tìnbọ́ọ̀dì bọ inú IPA, ẹ fi nù ún títí tí kọ́tìn á fi funfun bọ̀. Èyí tó bá le, igi ìtayín ni kẹ́ ẹ fi họ ọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. Lẹ́yìn wíìlì náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń fara pa ẹ̀yìn wíìlì láti gba iná, irun kápẹ́ẹ̀tì máa ń wé mọ́ ọn, òmíràn á sì ti tẹ̀ kúrò lára wíìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ rọra tì í padà pẹ̀lú igi ìtayín kan náà, kó kàn kan wíìlì jẹ́ẹ́jẹ́ ni o, tó bá tẹ̀ ẹ́ jù, bíréèkì nìyẹn.

Táyé_Ẹ̀rọ
Ìyá Ìbejì ẹ ṣeun mà, ẹ ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti kọ̀ntírólà kún un. Iná orí ẹ̀ tó ń tàn ò sọ pé ó ń gbé iná jáde o, apá ibi tí iná NEPA wọlé lèyí sọ. Ẹ fi mítà wọn ẹnu wáyà méjèèjì tó ń lọ sójú irin, ẹ yí kókó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kó máa gùn látorí òfo lọ sí nǹkan bíi fóltì 12, ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ò sí ẹ́ńjìnnì lórí ẹ̀, ìyẹn ò burú. Kọ̀ntírólà àtijọ́ tí rọ́bà wáyà ìkìbọná ẹ̀ bá ti gbẹ tó ń sán, ẹ má kì í bọná mọ́ rárá, ẹ ra òmíràn. Fóltì 12 ò lè pa èèyàn, 230 tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lè pa á.

AráCroydon
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Mo ti nu ojú irin, ìka mi dúdú bí ẹ ṣe sọ ọ́. Kọ̀ntírólà dáa, mítà sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi bátìrì dán elééfín wò, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, kò yí. Mo wá ṣí ọkọ̀ èédú, mo gbé wáyà lé mọ́tò gan-an, ó yí wììì! Ọmọ mi pariwo. Torí náà mọ́tò ò jó. Ibo ni kí n wá wò báyìí? Mi ò tíì fọwọ́ kan dísẹ́ẹ̀lì.

Táyé_Ẹ̀rọ
Ó ti tán nìyẹn, ó kù díẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ èédú. Lára ọ̀pọ̀ irú tiyín, ọ̀pá yẹn gan-an ni wáyà, òun ló ń gbé iná apá kan láti iwájú lọ sẹ́yìn, ibi tó ti kọ́ mọ́ píìnì ló sì máa ń dú. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi IPA nu ihò ọ̀pá àti píìnì méjèèjì títí irin á fi hàn, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ tún bátìrì yẹn gbé. Tó bá jẹ́ èyí tí wáyà gidi so pọ̀ ni, ẹ tọ wáyà yẹn lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibi tí wọ́n ti jó léèdì mọ́ ọn ló máa ń já, ó lè já nínú rọ́bà kẹ́ ẹ má rí i lójú. Ẹ fi mítà wọn ọ́n, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí wáyà, ìkejì sí ìdí ẹ̀, tí mítà bá dún, wáyà pé.

BàbáRélùwéè
Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká mú dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ ṣí ìbòrí, ẹ wo àwọn jíà. Ẹ ó rí gíríìsì tó ti di búráùn. Ẹ má fi ọwọ́ yí wíìlì tipátipá o! Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ní jíà wọ́ọ̀mù, èyí tó rí bíi síkírù, lórí mọ́tò, mọ́tò lè yí wíìlì àmọ́ wíìlì ò lè yí mọ́tò, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe pé ó há. Ẹni tó bá fipá yí i á ya eyín jíà. Àwọn kan wà tí jíà wọn kò ní wọ́ọ̀mù, àwọn onímọ́tò Ringfield fún àpẹẹrẹ, ìyẹn lẹ lè fọwọ́ yí jẹ́ẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wíìlì há lóòótọ́ lára oníwọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ yọ mọ́tò kúrò lójú jíà, ẹ wá ti ẹ́ńjìnnì lórí tábìlì. Tó bá ń sáré geere, inú mọ́tò ni wàhálà. Tó bá ṣì há, jíà tàbí ọ̀pá wíìlì ni.

Fífọ ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ fi igi ìtayín kó gíríìsì tó gan yẹn kúrò láàárín eyín kọ̀ọ̀kan, búrọ́ṣì ìfọyín tó rọ̀ pẹ̀lú IPA á kó ìyókù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí IPA ṣàn wọ inú mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn gíríìsì tuntun díẹ̀ lórí jíà, epo bín-ín-tín ní orígun ọ̀pá tó ń yí, ẹ wá fi bátìrì ta á díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, tó bá ti ń gbóná ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ tún wo ibi tó kù.

Bẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán tí mọ́tò ń yí àmọ́ tí wíìlì ò lọ, tàbí tó ń tiro tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ wo jíà oníke tó wọ ara ọ̀pá wíìlì, ó máa ń la. Ike yẹn máa ń sún kì nígbà tó bá ti pẹ́, irin tó sì wọ̀ ò sún kì, bó ṣe máa là nìyẹn, kódà nínú páálí tẹ́nìkan ò lò ó. Ẹ má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, kò ní dúró, sípéà wà, kò wọ́n.

ỌmọÌbàdàn_Ẹ̀rọ
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Ìbàdàn ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi kan ló kó odidi sẹ́ẹ̀tì kan wálé láti London. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Tiwa níbí, ọyẹ́ ni wàhálà, eruku wọ ibi gbogbo, òjò tún dé ó lọ́rinrin. Ẹ́ńjìnnì kan ti dúró. Ọ̀gá oníná kan ní àdúgbò ní kí n fọ́n WD-40 sí gbogbo inú ẹ̀, ó ní á lọ. Ṣé kí n ṣe é?

Táyé_Ẹ̀rọ
Àbúrò má ṣe é o. WD-40 tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, nǹkan tó ń lé omi kúrò ni, kì í ṣe epo jíà. Wàá fọ́n ọn, ẹ́ńjìnnì á tiẹ̀ sáré díẹ̀, inú ẹ á dùn, tó bá wá yá ohun tó kù lára ẹ̀ á máa kó eruku ọyẹ́ yẹn jọ, á di ẹrọ̀fọ̀ lórí kábọ̀n tó ń gbé iná wọ mọ́tò àti láàárín jíà. Ó tún máa dé orí wíìlì, wíìlì á máa yọ̀.

AyọBirmingham
Mi ò gbà pátápátá o Táyé. Ilé iṣẹ́ WD-40 yẹn kan náà ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní contact cleaner, agolo ẹ̀ yàtọ̀, òun máa ń gbẹ tán ni kò ń fi ọ̀rá sílẹ̀, mo ń lò ó lójú irin. Àwọn tó ń sọ pé WD-40 dáa àtàwọn tó ń sọ pé kò dáa, ìgbà míì agolo kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Táyé_Ẹ̀rọ
Òótọ́ ni, mo gbà fún yín níbẹ̀. Agolo búlúù àti yẹ́lò tí oníná yẹn ní lọ́wọ́ ni mò ń sọ. Àbúrò, lọ wo ohun tí wọ́n kọ sára tiẹ̀. Ti contact cleaner náà, kọ́kọ́ dán an wò níbi kọ́lọ́fín kan lára ike, torí ó ní èyí tó ń jẹ ike. Níbi tó o wà yẹn, IPA ni kó o béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́. Ti eruku, da aṣọ bo ojú irin ní gbogbo ìgbà tó ò bá lò ó.

BàbáRélùwéè
Ọmọ Ẹ̀bùté Mẹ́tta, ẹ kú orí ire. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó ń dùn mọ́ mi: ojú irin OO tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ yẹn fẹ̀ tó mílímítà 16.5. Rélùwéè àtijọ́ tó dé Ìbàdàn láti Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1901, fẹ̀ tó mílímítà 1067. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ọ̀nà 64 ó kù díẹ̀ kó bá ti ọwọ́ yín dọ́gba. Ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, mílímítà 1435 ni, ẹ pín ìyẹn sí 87, ó bá a mu rẹ́gí. Ẹni tó bá fẹ́ fi rélùwéè ilé wa ṣe mọ́dẹ̀lì, ojú irin ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀.

Káyọ̀dé_Kent
Ẹ bá mi wo tèmi náà. Mo ra ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan ní ọjà car boot, wọ́n ní Hornby Dublo ni, ó wúwo gan-an, mo gbé e sójú irin mi, ṣe ni kọ̀ntírólà pa ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti nu wíìlì, mo ti nu gbogbo ẹ̀.

BàbáRélùwéè
Ẹ dojú ẹ̀ dé. Ṣé irin kan wà láàárín abẹ́ ẹ̀ tó yọ sísàlẹ̀, tí sípíríǹgì ń tì? Tó bá wà, rélì mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún. Dublo bẹ̀rẹ̀ ní 1938, rélì àárín ló ń gbé iná, wọ́n ò bẹ̀rẹ̀ onírélì méjì títí di 1959. Wíìlì ẹ̀ jẹ́ irin láti ọ̀tún dé òsì, bó ṣe kan rélì méjèèjì báyìí ṣọ́ọ̀tì ni. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u. Ẹ fi bátìrì dán an wò: wáyà kan sí irin àárín, ìkejì sí wíìlì. Á lọ.

Káyọ̀dé_Kent
Ó lọ sà!! Ó tún yára. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Sadé_OO
Ẹ jọ̀wọ́ mọ́tò tèmi ni ò yí, mo ti gbé bátìrì lé e tààrà, kò kùn kò gbóná. X04 ti Tri-ang ni ẹni tó tà á fún mi pè é. Ọkọ mi ní kí n dà á nù, mi ò fẹ́.

Táyé_Ẹ̀rọ
Àǹtí ẹ má dà á nù o! X04 wà lára àwọn mọ́tò tó rọrùn jù láti tún ṣe láyé yìí. Mọ́tò tí ò kùn tí ò gbóná, iná ò kọjá nínú ẹ̀ ni, kábọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ó rí kábọ̀n kékeré méjì, sípíríǹgì kan ló tẹ méjèèjì mọ́ bàbà tó ń yí. Ẹ tú sípíríǹgì yẹn nínú ọ̀rá ráńpẹ́ tó mọ́, ọwọ́ yín àti ẹ́ńjìnnì nínú ọ̀rá náà, torí tó bá ta, ẹ ò ní rí i mọ́. Apá kan sípíríǹgì yẹn máa ń wọ rọ́bà tín-ínrín, ẹ rí i pé rọ́bà yẹn padà sí apá tó wà tẹ́lẹ̀, tí ò bá sí níbẹ̀ ṣọ́ọ̀tì ló máa ṣe.

Kábọ̀n tó bá ti jẹ lọ débi pé sípíríǹgì ti fẹ́ máa kan bàbà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Bàbà yẹn náà, ẹ wò ó dáadáa, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín ọ̀kan sí ìkejì, ìyẹ̀fun kábọ̀n máa ń kún inú àlàfo yẹn. Kọ́tìnbọ́ọ̀dì àti IPA fún ojú bàbà títí á fi pọ́n bí ó ṣe yẹ, ṣóńṣó igi ìtayín fún àlàfo. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí ìlà mẹ́ta tó mọ́ gaara. Ẹ wá fi mítà wọn ọ̀nà kan sí òmíràn, iye tí mítà máa pè láàárín wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ pátápátá, wáyà inú ti já, ìyẹn ló le.

Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má yọ odindi àárín mọ́tò tó ń yí yẹn kúrò láàárín òòfà. Òòfà àtijọ́ irú èyí máa ń pàdánù agbára tẹ́ ẹ bá ṣí àárín ẹ̀ sílẹ̀ láìfi irin dí i. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ṣeé ṣe láìyọ ọ́.

Kẹ́mi_DCC
Tèmi jẹ́ tuntun, ó ní ṣíìpù nínú. Kò dípata, kò dọ̀tí, mo gbé e jáde nínú páálí, kọ̀ntírólà lásán ni mo gbé e lé nílé àbúrò mi, kò lọ. Nílé mi lórí DCC náà, ìyẹn kọ̀ntírólà tó ń fi nọ́ńbà pe ṣíìpù inú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, mo pè é kò dáhùn.

AyọBirmingham
Kẹ́mi, méjì lohun tó lè jẹ́. Lórí kọ̀ntírólà lásán, ṣíìpù ò ní jí títí iná á fi tó nǹkan bíi fóltì 5 tàbí 6, onísáùǹdù lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó o bá rọra yí i bí a ṣe ń yí ti àtijọ́, wàá rò pé ó ti kú. Wọ́n sì lè ti pa àyè àtirìn lórí iná lásán nínú CV29 (CV ni wọ́n ń pe àwọn ààyè tí ṣíìpù ń tọ́jú ètò ẹ̀ sí), tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní lọ bó ti wù kó o yí i tó. Lórí DCC, ṣé o rántí nọ́ńbà tó o fún un? 3 ni gbogbo wọn máa ń ní láti ilé iṣẹ́, tẹ́nìkan bá ti yí i padà, o lè máa pe 3 dọ̀la. Gbé e sórí ojú irin tí wọ́n fi ń tò ó, òun nìkan, kó o ka nọ́ńbà ẹ̀. Tí ò bá kà, nu wíìlì kó o tún un kà, wíìlì tó dọ̀tí lásán lè dí kíkà lọ́wọ́. Ṣíìpù ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló jẹ́ pé tó o bá kọ 8 sínú CV8, á padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, nọ́ńbà á di 3. Ka ìwé tó bá a wá ná.

Tó bá tún kọ̀, yọ ṣíìpù, fi púlọ́ọ̀gì òfìfo tó bá ẹ́ńjìnnì wá sípò ẹ̀, gbé e sórí kọ̀ntírólà lásán. Tó bá lọ, ṣíìpù ló bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì dáa. Má wá gbé e padà sórí DCC láìsí ṣíìpù o, iná DCC á máa gbọ̀n ọ́n níbẹ̀, mọ́tò míì ò ní pẹ́ jó.

AráCroydon
Elééfín ti ń rìn! Ọ̀pá yẹn ni. Mo ń fọ jíà dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Àmọ́ mo rí nǹkan kan, férémù irin abẹ́ ẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tún wú díẹ̀ lápá kan, ìbòrí ò fẹ́ wọlé padà mọ́. Kí nìyẹn?

BàbáRélùwéè
Hàà. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Irin tí wọ́n fi ṣe férémù ọ̀pọ̀ mọ́dẹ̀lì, zinc ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mazak la máa ń pè é. Tí wọ́n bá pò ó tí léèdì díẹ̀ ṣèèṣì wọ̀ ọ́, á máa wú láti inú, á máa sán, títí á fi máa rún sọ́wọ́. Kò sí gúlúù kò sí ọ̀dà tó lè dá a dúró, torí ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ ló ti wà nínú ẹ̀. Ọ̀rinrin àti ooru òkè àjà sì ń jẹ́ kó yára. Ẹ má fi ìbòrí tì í wọlé tipátipá, ìbòrí á là. Ẹ yọ mọ́tò, wíìlì, jíà, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo ìyẹn ṣì dáa, ẹ wá wá férémù mìíràn. Fún àwọn kan, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D.

ÌyáÌbejì_Leeds
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìdí tí mo fi ń pariwo òkè àjà nìyẹn. Ó gbóná gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tutù nini nígbà otútù, omi á máa sẹ̀ lára irin. Inú yàrá tí èèyàn ń sùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí wọ́dúróòbù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó wọn sí. Ẹ yọ fóòmù àtijọ́ inú páálí o, ó máa ń yọ́ tó bá gbó, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ẹ fi bébà tíṣù tí kò ní ásíìdì wé e. Àpò kékeré tó ń gba ọ̀rinrin tó máa ń wà nínú bàtà tuntun, ẹ má dà á nù, ẹ jù ú sínú páálí. Kẹ́ ẹ tó gbé e padà, ẹ nu epo kúrò lára wíìlì, kẹ́ ẹ sì máa mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gíríìsì tó ń yí kì í tètè gan. Tẹ́ ẹ bá sì mú un wálẹ̀ láti ibi tó tutù, ẹ jẹ́ kó jókòó sí pálọ̀ títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó ta iná sí i.

ỌmọÌbàdàn_Ẹ̀rọ
Mo ti rí IPA lọ́dọ̀ àwọn onífóònù, mo ti fọ̀ ọ́, ó mọ́. Ó ku epo. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ wà nílé, ti màmá mi. Ṣé ó lè ṣe é?

Táyé_Ẹ̀rọ
Ó lè ṣe é níbi tí irin ti ń yí nínú irin, bí orígun ọ̀pá mọ́tò. Ti jíà oníke, wá èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé kò ń ba ike jẹ́. Òróró ìdáná rárá o, á gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má da ẹnu agolo sí i. Ti orí abẹ́rẹ́ bọ inú epo, ohun tó bá rọ̀ mọ́ ṣóńṣó ẹ̀ ti tó ojú kan. Kó má dé ibi kábọ̀n, kó má sì dé ara rọ́bà wíìlì. Nu èyí tó bá ṣàn kúrò, jẹ́ kó yí síwájú sẹ́yìn lórí bátìrì ná, tún nu wíìlì lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o tó gbé ìbòrí ẹ̀ padà.